Ọkọ́ àti ọkọ̀: nígbà tí ohun kan náà bá di ohun méjì

Ẹ̀yin tí ẹ há sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fọṣọ lọ́wọ́, ẹ̀yin tí ẹ fi etí kan gbọ́ mi tí ẹ sì fi èkejì ṣọ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, gbogbo yín ni mo kí. Ẹ̀yin tí dátà yín ò ká ohùn, tí ẹ wá ń ka èyí tí a kọ sílẹ̀, ẹ̀yin náà ò gbẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilé wa bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan sójú ẹgbẹ́ ẹbí wa lórí WhatsApp. Ohun tó tẹ̀ ni: «Oko mi ti baje.» Ó parí síbẹ̀. Kò fi àmì kankan sí i, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ẹ̀gbọ́n ìyá wa ti pè é láti béèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe, pé ṣé ọtí ni àbí obìnrin. Bàbá wa ní kó ṣe sùúrù, kó má fi ìbínú kó ẹrù. Àbúrò mi tó jókòó sábẹ́ òòrùn níwájú mẹkáníìkì kò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé ti dàrú. Ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ jẹ́jẹ́.

A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí mo dùbúlẹ̀ lálẹ́, mo tún ronú kàn án. Ẹ wo ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, kí ẹ sì wo ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta náà ni. Ìlà kékeré kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú ọ̀kan, ìlà náà fì sápá ọ̀tún. Nínú èkejì, ó fì sápá òsì. Kò sí ohun tó lé, kò sí ohun tó dín. Síbẹ̀, ẹ ò lè fi ọkọ̀ kọ ebè, ẹ ò sì lè gun ọkọ́ lọ sí Ìbàdàn.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí ń ṣẹlẹ̀ nínú òróró tí ẹ fi ń dín dòdò, nínú táyà ọkọ̀, àti nínú ẹyinjú tí ẹ fi ń wo fóònù yín.

Ìbéèrè tó gbé wa dé ibí

Ọ̀kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ìyá òun ti ń ṣe míìtìpáì àti búnsì tà láti ìgbà tí òun ti wà ní kékeré, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi rán òun níléèwé. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan fi fídíò kan hàn wọ́n lórí fóònù, pé bọ́tà tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní trans, pé ó ń pa èèyàn. Láti ọjọ́ náà ni oorun ìyá ò ti já geere mọ́. Wọ́n ń bi ọmọ wọn léraléra pé: «Àbí májèlé ni mo ti ń fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ láti ọdún yìí wá?»

Ọmọ náà wá bi mí pé: kí ni trans yìí gan-an? Ṣé kẹ́míkà kan ni àwọn iléeṣẹ́ ń dà sínú bọ́tà ni?

Mi ò fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá a lóhùn, nítorí ìyá tí kò rí oorun sùn tọ́ sí àlàyé tó yanjú. Àlàyé ọ̀hún sì wà nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì kan tí ọ̀pọ̀ wa sá fún níléèwé, èyí tí wọ́n ń pè ní geometric isomerism.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa fóònù. Èmi náà ti sá fún un rí. Tíṣà wa ya àwòrán méjì sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n ní ṣé nǹkan kan náà ni. Mo dìde, mo gbé àyà sókè, mo ní: «Bẹ́ẹ̀ ni sà, wọ́n kàn yí apá kan rẹ̀ ni.» Òdo ni wọ́n fún mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Pákó méjì àti ìṣó

Gbogbo ohun tó wà láyé, átọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn átọ́ọ̀mù máa ń di ara wọn mú, ìdìpọ̀ wọn la sì ń pè ní mólékù. Nínú òróró, rọ́bà, ṣúgà àti ara èèyàn, kábọ́ọ̀nù ni òpó ilé. Ọwọ́ mẹ́rin ni kábọ́ọ̀nù ní, ó sì gbọ́dọ̀ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di nǹkan mú.

Ẹ wá ro ti pákó méjì tí káfíńtà gbé léra, tó fi ìṣó kan ṣoṣo kàn pọ̀. Bí ẹ bá ti pákó òkè síhìn-ín, yóò yí. Bí ẹ tì í sọ́hùn-ún, yóò yí. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí kábọ́ọ̀nù méjì bá fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan di ara wọn mú. Ìdè oníkan nìyẹn. Wọ́n lè máa yí bó ṣe wù wọ́n.

Kí káfíńtà wá gbá ìṣó kejì mọ́ ọn ńkọ́? Ó tán. Pákó ò lè yí mọ́, àyàfi bí ẹ bá yọ ìṣó kan. Ìyẹn ni ìdè oníméjì, nígbà tí kábọ́ọ̀nù méjì bá fi ọwọ́ méjì méjì di ara wọn mú. Ibi tí oníkálukú bá ti wà nígbà tí wọ́n gbá ìṣó kejì, ibẹ̀ ni yóò máa wà.

Kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ṣì ní ọwọ́ méjì tó ṣẹ́ kù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ká sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ẹrù ńlá kan àti ẹrù kékeré kan. Ọ̀nà méjì péré ló wà. Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì gbé ẹrù ńlá wọn sókè, kí ẹrù ńlá méjèèjì wà lápá kan náà. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan gbé tirẹ̀ sókè, èkejì gbé tirẹ̀ sísàlẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní cis, ti èkejì ni trans. Èdè Látìn ni. Bí ẹ bá dúró létí odò, cis ni ìhà ìhín tí ẹ wà, trans ni òdìkejì odò.

Àṣìṣe tí mo ṣe níléèwé nìyẹn. Mo rò pé wọ́n kàn yí pákó ni. N kò rí i pé ìṣó méjì ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò JAMB àti WAEC, ẹ dúró gbọ́ eléyìí. Ìdè oníméjì nìkan kò tó. Kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tó wà nídìí ìdè náà gbọ́dọ̀ gbé ẹrù méjì tó yàtọ̀ síra. Bí ẹrù méjèèjì tó wà lọ́wọ́ ọ̀kan bá jọra, kò sí cis, kò sí trans. Bí ìbejì tó jọra, tó sì wọ aṣọ kan náà bá pààrọ̀ ìjókòó, ta ni yóò mọ̀? Ìdí nìyẹn tí but-2-ene fi ní oríṣi méjì, tí but-1-ene kò sì ní, nítorí háídrójìn méjì ló wà ní ìparí but-1-ene. Bí ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì yàtọ̀ pátápátá, a ó wo èyí tó wúwo jù ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn èyí tí nọ́ńbà átọ́ọ̀mù rẹ̀ ga jù. Bí àwọn tó wúwo bá wà papọ̀ lápá kan náà, Z ni. Bí wọ́n bá kọjú sí òdìkejì ara wọn, E ni. Èdè Jámánì ni lẹ́tà méjèèjì: zusammen ni papọ̀, entgegen ni òdìkejì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́

Ẹ má rò pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ èyí látilẹ̀wá. Ásíìdì méjì kan wà tó da orí wọn rú fún ọ̀pọ̀ ọdún, maleic acid àti fumaric acid. Bí wọ́n bá kà wọ́n, iye kan náà ni: kábọ́ọ̀nù 4, háídrójìn 4, ọ́síjìn 4. Ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra rárá. Maleic acid máa ń yọ́ kí iná tó dé dígírì 140. Fumaric acid ò ní yọ́ títí iná yóò fi kọjá dígírì 280. Ọ̀kan tètè ń pò mọ́ omi, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má pò mọ́ ọn rárá.

Ní ọdún 1874, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Nẹ́dálándì kan tí ń jẹ́ Jacobus van 't Hoff, ẹni ọdún 22, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan. Ó ní àṣìṣe wa ni pé à ń ya mólékù sórí ìwé bí ẹni pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mólékù ní ìrísí, ó ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́. Ibi tí átọ́ọ̀mù wà sì ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀.

Ó bá ọ̀rọ̀ ásíìdì méjèèjì mu. Bí ẹ bá yan maleic acid, apá ásíìdì méjèèjì tó wà lára rẹ̀ yóò yọ omi jáde, wọn yóò sì so pọ̀ di òrùka, nítorí ìhà kan náà ni wọ́n wà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Ti fumaric acid kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́, nítorí ọ̀kan wà ní ìhín odò, èkejì wà ní ọ̀hún.

Inú gbogbo èèyàn kò dùn sí i. Hermann Kolbe, ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kan ní Jámánì, bú u nínú ìwé ní ọdún 1877. Iléèwé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ni van 't Hoff ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, Kolbe sì fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, pé irú ẹni báyìí ló fẹ́ wá kọ́ wa ní kẹ́mísírì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1901, ẹni àkọ́kọ́ tó gba ti kẹ́mísírì ni van 't Hoff. Iṣẹ́ mìíràn tó ṣe ni wọ́n torí rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́mọ ọdún 22 wà nínú ìwé kẹ́mísírì gbogbo ọmọ iléèwé gíga. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sọ fún pé ẹ ò tíì dàgbà tó, ẹ gbọ́ o.

Igi ìdáná tó tọ́ àti èyí tó wọ́

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá oní-míìtìpáì.

Òróró kún fún àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù hun. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ gan-an nínú òróró ólífì, òróró ẹ̀pà àti epo pupa ni oleic acid. Kábọ́ọ̀nù 18 ló wà nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ìdè oníméjì kan sì wà láàárín, cis sì ni. Nítorí pé cis ni, ẹ̀wọ̀n náà tẹ̀ láàárín bí orúnkún. Ó ní àbúrò kan tó ń jẹ́ elaidic acid. Iye átọ́ọ̀mù kan náà, ìdè oníméjì níbi kan náà, ṣùgbọ́n trans ni tirẹ̀. Kò tẹ̀. Ó nà tàntàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rí, ẹ ó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń to igi ìdáná. Bí igi bá tọ́, yóò lẹ̀ mọ́ra, òkìtì rẹ̀ yóò dúró digbí. Bí igi bá wọ́, bó ti wù kí ẹ tò ó tó, àlàfo yóò wà láàárín, yóò sì máa yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Oleic acid tó tẹ̀ kò lè lẹ̀ mọ́ra dáadáa, nítorí náà ó máa ń yọ́ ní nǹkan bí dígírì 13. Elaidic acid tó tọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ra, kò ní yọ́ títí yóò fi di nǹkan bí dígírì 45. Nínú yàrá kan ní Èkó, níbi tí ooru ti jẹ́ dígírì 30, omi ni ọ̀kan, òkúta ni èkejì.

Òróró tí igi àti irúgbìn ń so fúnra wọn, cis ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀ tán. Báwo wá ni trans ṣe dé inú bọ́tà? Wilhelm Normann, ará Jámánì, ló gba ẹ̀rí àṣẹ ní ọdún 1902 lórí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ òróró tó ń ṣàn di ọ̀rá tó dì. Wọ́n á gbé òróró kaná, wọ́n á fẹ́ gáàsì háídrójìn sí i, wọ́n á fi irin nickel sáàárín wọn. Àwọn oníléeṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọ̀rá báyìí pọ́ọ́kú ni, kì í tètè kan, ó sì ń mú kéèkì àti míìtìpáì rọ̀ lẹ́nu. Ní ọdún 1911, ọ̀rá Crisco jáde ní Amẹ́ríkà, òróró irúgbìn òwú sì ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ rántí ìṣó wa o. Ohun tí nickel ń ṣe ni pé ó ń tú ìṣó kejì. Bí háídrójìn bá tètè gba ibẹ̀, ìdè oníméjì náà di oníkan, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá iṣẹ́ dúró láàárín, àwọn kan wà tí ìṣó wọn ti tú, tí pákó wọn ti yí, tí wọ́n sì tún gbá ìṣó padà sí i lápá òdì. Cis ti di trans. Kò sí ẹni tó da kẹ́míkà kankan tó ń jẹ́ trans sínú rẹ̀. Òróró àná náà ni, pẹ̀lú átọ́ọ̀mù àná, àfi pé ó ti kọjú síbòmíràn.

Ara wa mọ ìyàtọ̀ wọn. Ní ọdún 1990, Ronald Mensink àti Martijn Katan, ní Nẹ́dálándì níbi tí van 't Hoff ti wá, gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ọ̀rá trans ń gbé cholesterol búburú sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì tún ń fa èyí tó dára wálẹ̀. Èyí tó burú ló ń lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọkàn. Ní ọdún 2003, Dẹ́nmáàkì fi òfin dè é. Ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé irú òróró tí wọ́n háídrójìn-ín dé àárín yìí kò ṣeé kà sí ohun tó dára fún jíjẹ mọ́. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ké sí gbogbo orílẹ̀-èdè láti mú un kúrò nínú oúnjẹ. Ní Nàìjíríà, òfin NAFDAC ti ọdún 2022 ní trans kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá.

Ohun tí mo ní kí ó sọ fún ìyá rẹ̀

Àkọ́kọ́, kí wọ́n yí ike bọ́tà padà, kí wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá rí «partially hydrogenated», kí wọ́n dá a padà sórí àtẹ. Bí ó bá jẹ́ «fully hydrogenated», wọ́n ti gba gbogbo ìṣó kejì kúrò nìyẹn, trans inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Ọ̀rá líle ṣì ni o, kí wọ́n má kàn bù ú bí ẹni bu omi.

Èkejì, bọ́tà tí wọ́n ń fi ṣíbí bù tà lọ́jà láìsí orúkọ lára rẹ̀, kí wọ́n ní kí aláta tàbí oníbọ́tà fi ike tó ti wá hàn wọ́n. Oníbàárà ni wọ́n, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Ẹ̀kẹta, epo pupa tó bá dì nígbà ọyẹ́ kì í ṣe trans. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń pariwo rẹ̀ kiri. Palmitic acid inú rẹ̀ ló ń dì. Ẹ̀wọ̀n ìyẹn tọ́ nítorí pé kò ní ìdè oníméjì kankan rárá, kò sí ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti òróró àgbọn. Ìwọ̀nba ló dára ká jẹ nínú wọn, àmọ́ ẹ má pè wọ́n lórúkọ tí wọn ò jẹ́. Trans díẹ̀ sì wà nínú mílíìkì àti ẹran màlúù tí Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀, ó kéré.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí mo fẹ́ kí ìyá gbọ́ jù. Kì í ṣe májèlé tó ń pa èèyàn lọ́sàn-án kan òru kan. Jíjẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, tí kò sí ẹni tó sọ fún un, tí a ò kọ ohunkóhun sára ohun tó rà, kì í ṣe apààyàn. Nísinsìnyí tí wọ́n ti mọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ bọ́tà, kí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Ojú yín ń ṣe é lọ́wọ́lọ́wọ́

Ẹ má wá tìtorí èyí rò pé ènìyàn rere ni cis, èṣù ni trans. Láìsí trans, ẹ ò ní ríran.

Nínú ẹyinjú yín, lẹ́yìn pátápátá, mólékù kékeré kan wà tí ń jẹ́ retinal. Inú òkùnkùn, cis ni, ó tẹ̀, ó ká sínú ilé rẹ̀ bí ọmọ tó ká sínú ikùn ìyá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ìmọ́lẹ̀ náà á tú ìṣó kejì, retinal á yí, á nà tàntàn: ó di trans. Ilé tó wà ò gbà á mọ́, ilé náà á yí ìrísí padà, ìyẹn ló sì ń ta ọpọlọ lólobó pé ìmọ́lẹ̀ dé. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù márùn-ún. Kò gbà ju ìdá kan lọ níbẹ̀ kí yíyí náà tó parí. George Wald, ará Amẹ́ríkà tó ṣe iṣẹ́ yìí, wà lára àwọn mẹ́ta tó pín ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1967. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ ń kà lójú fóònù báyìí, cis tó ń di trans ló ń jẹ́ kí ẹ rí i.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú náà nílò ìtọ́jú. Retinal tó ti di trans gbọ́dọ̀ padà di cis kó tó lè ṣiṣẹ́ mìíràn, ìpadàbọ̀ yìí kò sì yá bí àlọ rẹ̀. Ẹ rántí bí ó ṣe máa ń rí bí iná bá lọ lójijì lálẹ́: ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ ó máa táràrà wá tọ́ọ̀ṣì. Díẹ̀díẹ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó lè gba nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ojú tó mọ òkùnkùn lára tán. Cis ni ara yín ń tún ṣe nígbà náà.

Inú fítámì A ni ara ti ń rí retinal. Ẹni tí fítámì A rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ kì í ríran dáadáa lálẹ́, bó bá sì le fún ọmọdé, ó lè fọ́ wọn lójú pátápátá. Ibo la ti ń rí i? Nínú ẹ̀dọ̀ ẹran, ẹyin, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́, àti nínú epo pupa wa. Ohun tó pọ́n nínú epo náà gan-an ni ara ń sọ di fítámì A. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé epo kaná títí tó fi funfun nítorí ọbẹ̀ ọ̀fadà, ọbẹ̀ náà dùn, mi ò purọ́. Àmọ́ pípọ́n tí iná jẹ lọ yẹn, ohun tó ń ṣe ojú lóore ló bá a lọ.

Táyà, eyín, àti oògùn jẹjẹrẹ

Kí n tó jẹ́ kí ẹ lọ, ẹ wo ohun mẹ́ta sí i.

Omi funfun tí wọ́n ń gbà lára igi rọ́bà, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Ẹdó, Oǹdó àti Ògùn, ẹ̀wọ̀n cis ló kún inú rẹ̀. Nítorí pé ó wọ́, kò lè lẹ̀ mọ́ra, ó ká jọ bí òwú. Bí ẹ bá fà á, á nà. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, á ká padà. Igi mìíràn wà ní ìlà-oòrùn gúúsù Éṣíà tí omi rẹ̀ ń di gutta-percha. Ẹ̀wọ̀n kan náà ni, trans ni tirẹ̀. Kì í nà, ó le. Òun ni wọ́n fi bo wáyà tẹlígíráàfù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òkun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bàbá ńlá wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún yín lónìí. Títí di báyìí, òun náà ni dókítà eyín fi ń dí ihò gbòǹgbò eyín tí wọ́n bá ti wẹ inú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni oògùn cisplatin. Kì í ṣe ti kábọ́ọ̀nù, irin platinum ló wà láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń tẹ̀lé. Barnett Rosenberg ní Amẹ́ríkà ló ṣàkíyèsí agbára rẹ̀ ní ọdún 1965, wọ́n sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn jẹjẹrẹ ní ọdún 1978. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí jẹjẹrẹ kórópọ̀n ìbá pa ló ń bẹ láyé nítorí rẹ̀. Ó ní ìkejì tí ń jẹ́ transplatin, tí iye átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá. Ìyẹn kì í wo jẹjẹrẹ sàn. Ẹ fojú inú wo aláìsàn tó ń dúró de abẹ́rẹ́: ibi tí átọ́ọ̀mù méjì kọjú sí ni ìyàtọ̀ àárín ìwòsàn àti àìrí-ìwòsàn.

Ó dáa. Lánàá ni ọmọ ìyá oní-míìtìpáì tún fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ìyá òun wọ gíláàsì, wọ́n ka ẹ̀yìn ike bọ́tà mẹ́ta lọ́jà, wọ́n mú ọ̀kan. Oníbọ́tà ní kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀, wọ́n ní: «Mo ń wo ibi tó kọjú sí ni.» Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú mi sì dùn.

Bí ìbéèrè bá wà lọ́kàn yín, ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé títẹ̀ lẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ìyá yín pe ọkọ ọlọ́kọ lẹ́jọ́.

Ó dìgbà kan ná.